Òtútù àyà ọmọdé tí oògùn kò ràn: bí a ṣe ń wá ọyún inú àyà àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ òtútù àyà tó ń ṣe ọmọdé ni amoxicillin ń wò sàn. Bí ọmọ bá lò ó pé, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ibà á rọlẹ̀, èémí tó ń sáré á wálẹ̀, ọmọ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ níbí. Ọmọ tó ti ń gba oògùn láti ìjẹta ni mo ní lọ́kàn, tí ara rẹ̀ ṣì ń gbóná janjan, tó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó sì ń rù lójú gbogbo ayé.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù tí wọ́n máa ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á pààrọ̀ oògùn. Wọ́n á bọ́ sórí ceftriaxone, bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á wá èyí tó wọ́n jù ú lọ. Ọ̀sẹ̀ kan á kọjá, owó á tán lọ́wọ́ òbí, bẹ́ẹ̀ ni ọyún tó kóra jọ sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ìhà ti ń dì mọ́ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lára. Eéwo tó ti gbọyún kì í gbọ́ oògùn títí tí wọn yóò fi tú u. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọyún inú àyà rí. Nítorí náà, kí ẹ tó pààrọ̀ oògùn, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó fara pamọ́.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìlera àti dókítà tó ń dá nìkan ṣiṣẹ́ níbi tí ohun èlò kò pọ̀, mo sì kọ ọ́ fún òbí tó fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí òun béèrè. Iye oògùn tí mo kọ, ti òṣìṣẹ́ ìlera ni. Kí òbí má ṣe fi dá ọmọ tọ́jú nílé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka èémí, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀

Ẹ ká aṣọ ọmọ sókè. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, torí ọmọ tó ń sunkún tàbí tó ń mu ọmú kò ṣeé ka èémí fún. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni kí ẹ fi kà á. Èémí ọmọdé kì í lọ déédéé, ẹni tó bá kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15 tó wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin yóò ṣì í kà. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, bó bá ti dé 60, èémí ń sáré nìyẹn. Láti oṣù 2 sí 11, 50 ni. Láti ọdún 1 títí di ọdún 5, 40 ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo abẹ́ ìhà. Nígbà tí ọmọ bá ń fa èémí, ṣé ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń yọ síta ni, àbí ó ń wọnú? Àyà tó ń wọnú fi hàn pé iṣẹ́ ńlá ni ọmọ náà ń ṣe kó tó rí afẹ́fẹ́ fà. Ẹ tẹ́tí sí i bóyá ó ń kùn nígbà tó bá ń mí síta. Ẹ wo ihò imú bóyá ó ń fẹ̀. Ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi mọ́, tó ń bi gbogbo ohun tó bá gbé mì, tí gìrì mú, tí oorun ń gbé lọ tí kò ṣeé jí dáadáa, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ ń ṣú, kò gbọdọ̀ sun ilé mọ́jú. Ilé ìwòsàn ńlá ló kàn.

Lára aláwọ̀ dúdú, ó ṣòro kí ojú tó rí i pé ọ́síjìn ti dín kù. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ gbogbo ilé ìwòsàn pé kí wọ́n ní oximeter, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ọmọ níka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 12 ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà fi hàn kedere: kí wọ́n tó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọ́síjìn dín lára wọn ni kì í rí ọ́síjìn gbà, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dé, tí wọ́n sì kọ́ wọn, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Fún ọmọ ọwọ́, ẹ fi ẹ̀rọ náà sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ńlá. Ẹ fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó bá tutù kó kọ́kọ́ gbóná, ẹ sì nu ọ̀dà èékánná kúrò. Bí nọ́ńbà bá wà lábẹ́ 90 nínú 100, ọ́síjìn ni oògùn àkọ́kọ́. Lítà 1 sí 2 ní ìṣẹ́jú kan, láti ihò imú, ló tó fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ìdajì lítà sí lítà 1 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gbọ́ ìtàn, ẹ sì ṣírò oògùn tó ti lò

Ibi yìí ni mo ti máa ń rí ìdáhùn nígbà púpọ̀, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí ẹ tó sọ pé oògùn kò ràn án, ẹ béèrè iye tó mu. Iye tó yẹ ọmọ tó ní òtútù àyà ni amoxicillin 40 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọmọ tó wọn kílò 12 yẹ kó gba nǹkan bí 480 mg láàárọ̀ àti 480 mg lálẹ́, ìyẹn ni hóró 250 mg méjì-méjì, èyí tó ń yòrò nínú omi. Àmọ́ ohun tí wọ́n sábà máa ń fún un ní kẹ́míìsì ni oògùn olómi 125 mg, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀mẹta. 375 mg lóòjọ́ nìyẹn, nígbà tó yẹ kó gba 960 mg. Kò tó ìdajì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gba ìtọ́jú rárá, bó tilẹ̀ ti mu ìgò mẹ́ta.

Ẹ wá béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ sì fi sùúrù béèrè:

Ṣé nǹkan há a lọ́fun rí? Ẹ̀pà ni olórí ẹlẹ́bi. Ọmọ ọdún méjì tó ń sáré kiri pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́nu, tó húkọ́ gidigidi, tí ara rẹ̀ wá balẹ̀, lè máa ní òtútù àyà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo léraléra fún oṣù púpọ̀. Oògùn kò lè yọ ẹ̀pà.

Ṣé ó mu kẹrosíìnì? Bó bá mu ún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un lépo pupa tàbí kí ó mú un bì. Bíbì ló ń gbé kẹrosíìnì wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ṣé wọ́n ń rọ ẹ̀kọ tàbí àgbo fún un? Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló ṣì ń fi àtẹ́lẹwọ́ dí ọmọ lẹ́nu tí wọ́n á sì máa rọ ọ́, pàápàá bí ọmọ bá kọ oúnjẹ. Apá kan ń gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ má fi ìbínú bi Màmá léèrè o. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń fún un lóúnjẹ bí kò bá fẹ́ jẹ?" Bí ẹ bá béèrè báyìí, ẹ máa gbọ́ òótọ́. Bí ẹ bá jágbe mọ́ wọn, wọn kò ní sọ nǹkan kan.

Ẹ béèrè bóyá èéyi ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, bóyá ẹnì kan nínú ilé ń húkọ́ fún ìgbà pípẹ́ tàbí tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, bóyá ọmọ jẹ́ SS, bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò HIV fún ìyá nígbà tó wà nínú oyún. Ẹ wọn ọmọ, ẹ sì fi tépù wọn apá rẹ̀, torí àìjẹunrekánú máa ń bo ibà mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ojú, ọwọ́ àti etí

Ẹ dúró níwájú ọmọ kí ẹ wo àyà rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí omi tàbí ọyún bá wà kì í fẹ̀ tó ìkejì. Ọmọ fúnra rẹ̀ máa ń fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn. Ẹ fi ìka kan ìhà rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, pàápàá lẹ́yìn. Níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ó máa ń dún. Níbi tí omi wà, ohùn rẹ̀ kú pátápátá, ìka tó ń kàn án á sì mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé ohun èlò ìgbọ́yà lé e: èémí kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ dún níbẹ̀. Ẹ wá ibi tí ọkàn ti ń lù, torí ọyún tó pọ̀ máa ń ti ọkàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ ṣọ́ra fún inú rírun. Òtútù àyà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lè máa dun ọmọ níkùn, kí wọ́n sì máa wá àìsàn ìfun kiri. Ọmọ tí inú ń run, tí ibà ń ṣe, tó sì ń sáré mí, àyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: X-ray àti skáànù

Bí ọmọ bá lè jókòó tàbí dìde dúró, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe ya X-ray rẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, omi á tẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, fíìmù á kàn rí bí ẹni pé kùrukùru bò ó, ẹni tí kò fara balẹ̀ á sì ní kò sí nǹkan kan. Lórí fíìmù tó dára, igun mímú tó wà nísàlẹ̀ àyà ni omi kọ́kọ́ ń dí. Bó bá pọ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà á funfun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbi funfun yìí, torí àṣìṣe tó wà níbẹ̀ lè pa ọmọ. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá funfun tí ọkàn sì sún kúrò níbẹ̀ lọ sí ìkejì, omi tàbí ọyún ló ń tì í. Bó bá funfun tí ọkàn sì sún wá síbẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ká jọ torí pé nǹkan dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, bóyá ẹ̀pà yẹn. Ẹ má gún èyí lábẹ́rẹ́. Bákan náà, ihò yíká tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ jẹ́ àmì tí kòkòrò Staphylococcus máa ń fi sílẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń lọ, wọn kì í gún un. Ihò tí awọ rẹ̀ nípọn, tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ wà lókè, eéwo inú ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn.

Skáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún, ló dára jù fún ọmọ tí a fura sí. Ó ń sọ bí omi ṣe jìn tó, bóyá ó ṣì ń ṣàn tàbí ó ti ń ta bí okùn, àti ibi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ gbà wọlé. Kò dandan kí òbí ya owó lọ ṣe CT, àwòrán tó ń fi inú ara hàn ní ìpele-ìpele, ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò kí ẹ tó yí oògùn padà. Ẹ yẹ iye ẹ̀jẹ̀, ibà, HIV àti jínótáìpù wò.

Bó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lẹ wà, ẹ má dúró de gbogbo èyí. Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ampicillin 50 mg fún kílò kan àti gentamicin 7.5 mg fún kílò kan, kí ẹ sì fi ọ́síjìn tẹ̀ lé e bó bá wà. Ẹ jẹ́ kí ìyá gbé e ní ìjókòó. Ẹ kọ oògùn tó ti lò, ọjọ́ àti wákàtí, sínú ìwé tí ẹ ó fún wọn, ẹ sì pe ibi tí ẹ ń rán wọn lọ kí wọ́n tó gbéra.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oògùn tó yẹ

Àwọn kòkòrò tó sábà máa ń fa ọyún inú àyà ni Streptococcus pneumoniae àti Staphylococcus aureus, nígbà míì Streptococcus pyogenes. Oògùn tí ẹ bá yàn gbọ́dọ̀ ká méjì àkọ́kọ́. Cloxacillin 50 mg fún kílò kan ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà pẹ̀lú gentamicin 7.5 mg fún kílò kan lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọyún inú àyà. Ibi púpọ̀ ń lo ceftriaxone 80 mg fún kílò kan lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ pẹ̀lú cloxacillin, ìyẹn náà bá ọgbọ́n mu. Ceftriaxone nìkan kò tó bí ẹ bá ń fura sí Staphylococcus. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ọyún bá sọ pé kòkòrò náà kò gbọ́ cloxacillin, clindamycin tàbí vancomycin ló kù.

Ẹ fún un ní paracetamol, 15 mg fún kílò kan, torí ọmọ tí ìhà ń dùn kì í mí jinlẹ̀, kì í sì lè húkọ́. Ẹ má da omi púpọ̀ sí i lára. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, ọmú bó bá fẹ́, rọ́bà imú bí kò bá lè gbé mì. Oògùn ikọ́ kò ní iṣẹ́ kankan níbí. Èyí tí codeine wà nínú rẹ̀, tí ìjọba Nàìjíríà fòfin dè ní 2018, léwu fún ọmọ tó ti ń làkàkà láti mí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yọ ọyún kúrò

Ìdúró-pẹ́ níbí ló ń sọ ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ abẹ. Omi díẹ̀ tí kò ni ọmọ lára, oògùn nìkan lè gbé e lọ. Bó bá pọ̀, tí èémí kò balẹ̀, tàbí tí ibà ń bá a lọ, rọ́bà tí ọyún yóò máa gbà jáde gbọ́dọ̀ wọ àyà.

Ẹ kọ́kọ́ fa díẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ọyún, kò sí ohun tí ẹ tún ń wádìí kí ẹ tó fi rọ́bà sí i, àmọ́ ẹ ṣì fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kòkòrò. Bó bá mọ́ bí omi ṣúgà, ẹ wo ṣúgà inú rẹ̀ àti irú sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀. Ṣúgà tó wà lábẹ́ 40 mg nínú 100 ml tàbí pH tó wà lábẹ́ 7.2 túmọ̀ sí pé ọyún ń bọ̀. Bí lymphocyte, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọkàn yín gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ, tàbí jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe GeneXpert, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó fi rọ́bà sí i, pẹ̀lú oògùn tí yóò jẹ́ kí ọmọ má jẹ̀rora. Ibi tó dára ni àárín eegun ìhà kẹrin àti ìkarùn-ún, ní ìsàlẹ̀ abíyá, tàbí ibi tí skáànù bá tọ́ka sí. Orí eegun ni abẹ́rẹ́ ń gbà, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀, torí abẹ́ eegun ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wà. Rọ́bà náà á wọ inú ìgò tí omi wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì rì sínú omi ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì. Ìgò náà kò gbọdọ̀ ga ju àyà ọmọ lọ nígbà kankan, ì báà jẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ ya X-ray.

A rí bí ìgò olómi yìí ti ṣe pàtàkì tó nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn àgọ́ ológun Amẹ́ríkà ní 1918. Nínú àwọn sójà tí ọyún kún àyà wọn lẹ́yìn àrùn influenza, nǹkan bí 30 nínú 100 ló ń kú, nítorí pé wọ́n ń tètè la àyà wọn sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ á wọlé, ẹ̀dọ̀fóró á sì ká jọ. Oníṣẹ́ abẹ Evarts Graham àti ìgbìmọ̀ tó bá a ṣiṣẹ́ ló fi hàn pé kí wọ́n fa ọyún náà jáde láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Iye tó ń kú wá sísàlẹ̀ 5 nínú 100, kí ẹnikẹ́ni tó mọ oògùn penicillin.

Ẹ má jẹ́ kí ọyún tó ju 10 ml fún kílò kan jáde lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti tó bẹ́ẹ̀, ẹ dí rọ́bà fún wákàtí kan. Rọ́bà tó ń hó sínú omi ní tirẹ̀, ẹ má dí i láéláé, torí afẹ́fẹ́ ló ń jáde níbẹ̀, bí ẹ bá sì dí i, á tẹ ọkàn mọ́lẹ̀. Lójoojúmọ́, ẹ kọ iye tó jáde àti bóyá omi inú rọ́bà ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí. Bó bá dúró lójijì tí ara ọmọ kò tíì yá, ẹ wò bóyá rọ́bà ti ká tàbí ó dí, kí dókítà fi 10 ml omi iyọ̀ fọ̀ ọ́.

Níbi tí urokinase, oògùn tí wọ́n ń fi gba inú rọ́bà wọ àyà, bá wà, ó ń tú ọyún tó ti dì: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹyọ 40,000 nínú 40 ml fún ọmọ tó ti pé ọdún kan, ẹyọ 10,000 nínú 10 ml fún èyí tí kò tíì pé. Bí kò bá sí, tàbí bí ibà kò bá lọ, ẹ pe oníṣẹ́ abẹ àyà láìpẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó gbọ́.

Eéwo inú ẹ̀dọ̀fóró yàtọ̀ ní tirẹ̀: oògùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń wo ọ̀pọ̀ rẹ̀ sàn láìfi rọ́bà sí i.

Nígbà tí ara kò bá yá síbẹ̀

Ẹ padà sórí ìtàn tí ẹ gbọ́ ní ìgbésẹ̀ kejì. Ọmọ SS tí àyà ń dùn, tí ibà ń ṣe, tí X-ray rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, ohun tó ń ṣe é ju òtútù àyà lásán lọ. Ó nílò ceftriaxone pẹ̀lú azithromycin tàbí erythromycin, ọ́síjìn, oògùn ìrora tó tó, omi tí kò pọ̀ jù, àti ẹ̀jẹ̀ bí ọ́síjìn bá ń wálẹ̀. Ó lè burú láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà ẹ má fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọmọ ọwọ́ tó ní HIV tí ọ́síjìn rẹ̀ wà nílẹ̀ gan-an tí X-ray rẹ̀ kò sì burú tó bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ cotrimoxazole fún un, 8 mg trimethoprim fún kílò kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, bí ọmọ kò bá lè tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ náà ṣeé fi ṣe GeneXpert. Ẹni tí ẹ̀pà há sí, iṣẹ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wo ọ̀nà ọ̀fun ni.

Ìgbà tí ọmọ bá ń lọ sílé

A máa ń yọ rọ́bà nígbà tí ohun tó ń jáde bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá tí ibà sì ti lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dìde kó máa rìn kó máa ṣeré. Ìyẹn ṣe é láǹfààní ju gbígbá a lẹ́yìn lọ. Oògùn mímu á tẹ̀ lé abẹ́rẹ́ títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ibí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń dá a dúró, torí ọmọ ti ń sáré kiri, owó sì ti tán. Ẹ sọ iye hóró tó kù fún wọn, ẹ sì kọ ọjọ́ tó máa tán sí i.

X-ray mìíràn di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kò ní tíì mọ́ tán nígbà yẹn, kí ẹ̀rù má ba yín: oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ fi ń mọ́. Bí ẹ bá rí i pé ọmọ ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó bá ń rìn, ìrora ìhà ló fà á, á tò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n tọ́jú dáadáa ni ẹ̀dọ̀fóró wọn ń padà bọ̀ sípò pátápátá, bí X-ray àkọ́kọ́ ti wù kó burú tó.

Ẹ yẹ káàdì àjẹsára rẹ̀ wò kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ní Nàìjíríà, àjẹsára pneumococcus, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2014, wà fún ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ti èéyi wà fún oṣù 9 àti oṣù 15. Ẹ rí i pé àwọn àbúrò rẹ̀ náà gbà á, kí iná igi tàbí sìgá má sì máa rú èéfín níbi tí ọmọ ń sùn.

Bí ibà bá padà, tí èémí bá tún ń sáré, tàbí tí ojú ọgbẹ́ rọ́bà bá wú tàbí tó ń ṣọyún, kí òbí má dúró de ọjọ́ tí wọ́n fún wọn. Kí wọ́n gbé ọmọ wá lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú fíìmù X-ray àkọ́kọ́ lọ́wọ́.